Tòkunbọ̀ tàbí àlòkù Nàìjíríà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò l'Ábújà

Alhaji gbọ́ iye tí mo ná mọ́tò náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Albarka."

Èmi náà ò jẹ́ kó tutù. "Àmín, Alhaji." Mo ti ń wá fóònù nínú báàgì kí n lè sanwó. Ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò nítòsí wa bú sẹ́rìn-ín, kànìnkànìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló là mí lóye pé lẹ́nu ọlọ́jà Haúsá, "albarka" kì í ṣe àdúrà pé ọjà ti bọ́ sí i. Owó yẹn ò gbà á ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ owó nìyẹn láì bú ẹni tó ná an. Àwa tó jẹ́ pé ìbùkún ni àlùbáríkà lẹ́nu tiwa, ibo la ti fẹ́ mọ̀?

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ní sítáǹdì mìíràn tó tóbi ju ti Alhaji lọ dáadáa, ẹni tí mo ná mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ pòṣé sí mi, ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá.

Ó lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbé Kubwa. Mọ́tò mẹ́ta ni mo ti fi owó ara mi rà níbí, mo sì ti tẹ̀lé ọ̀rẹ́ àti ará lọ ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni kóun ti ra mọ́tò, mi kì í kọ́kọ́ dárúkọ mọ́tò kankan mọ́. Mo máa ń ní kó lọ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè méjì mẹ́ta, kó wo bó ṣe máa gbà á. Àyẹ̀wò mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí ibi mẹ́ta tí a ti ń rà á ṣe rí nìyí lójú tèmi:

| | Tòkunbọ̀ ní sítáǹdì | Àlòkù Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín | Lọ́wọ́ alágbàtà orí fóònù |
|---|---|---|---|
| Owó | Òun ló wọ́n jù | Ó máa ń dín díẹ̀ | Ó pọ́ọ́kú lójú, títí owó alágbàtà yóò fi gun orí rẹ̀ |
| Ìtàn mọ́tò | Ó kù sókè òkun. Nọ́ḿbà VIN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ mọ́tò, ló lè sọ díẹ̀ níbẹ̀ | Ẹni tó wà á dúró níwájú yín | Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lè má tíì fojú kan mọ́tò náà |
| Ìwé | Ti aṣọ́bodè lẹ ó kọ́kọ́ bèèrè | Kí orúkọ inú ìwé jẹ́ ti ẹni tó ń tà á | Ẹ rí ìwé kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó |
| Ohun tó ń mú èèyàn | Ẹnu dídùn | Ìtìjú | Ìkánjú |
| Bí nǹkan bá bàjẹ́ | Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà | Ó lè ti kó lọ sílé | Nọ́ḿbà lè má lọ mọ́ |

Omi tútù àti àmì kẹwàá

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé. Àmọ́ láti Kano dé Port Harcourt, kò sí ọlọ́jà mọ́tò tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo wọn ń tà fún yín nínú orúkọ yẹn ni pé ọ̀nà Nàìjíríà ò tíì fọwọ́ kan mọ́tò náà. Ìyẹn ò sọ pé ọ̀nà Amẹ́ríkà ò fọwọ́ kàn án, tàbí omi, tàbí ògiri.

Ní sítáǹdì àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n tọ́jú mi. Wọ́n fi àga sábẹ́ mi nínú ọ́fíìsì tó tutù, wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n ń pè mí ní "Mummy" bí ẹni pé àwọn ni mo bí. Corolla tí mo fẹ́, wọ́n ní 2010 ni. Mo ní kí n wo nọ́ḿbà VIN.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí nọ́ḿbà yìí díẹ̀, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àmì mẹ́tàdínlógún ni. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì tún wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ti inú ìwé aṣọ́bodè mu. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe mọ́tò: J ni Japan, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, W ni Jámánì. Fún mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó jẹ́ irú èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, àmì kẹwàá ni ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku bo gíláàsì náà débi pé ìka mi ń fa ìlà bí mo ṣe ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta... Ìkẹwàá jẹ́ 9.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, 2009 mà nìyí."

"Mummy, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ wò wọ́n, ojú wọn ò yàtọ̀."

Òótọ́ ló sọ o. Ojú wọn ò yàtọ̀. Owó wọn ló yàtọ̀.

Láti ibẹ̀ ni ohùn ti yí padà. Mo ní mo fẹ́ mú mẹ́káníìkì wá. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí mẹ́káníìkì ìta fọwọ́ kan ọjà àwọn. Mo ní ṣé mo lè rí ìwé aṣọ́bodè; ó ní ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá sì wà l'Ékòó. Mo wá dín owó. Ibẹ̀ ló ti pòṣé: "Mummy, ẹ lọ mú Daddy wá, ọkùnrin ló máa ń mọ nǹkan wọ̀nyí." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àmì mẹ́wàá tí òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà.

Kò sí ìwà àfojúdi kankan kó tó di pé mo bèèrè nǹkan. Ọ̀yàyà wọn dúró gbọin níwọ̀n ìgbà tí mo bá jókòó, tí mo ń mu omi. Ohun tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀yàyà àti ọ̀wọ̀ látìgbà náà nìyẹn. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún yín á jẹ́ kí ẹ wo nǹkan. Bí ẹnìkan bá sì le lójú bí òkúta tó ní "ẹ ṣí i, ẹ wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́," èmi á ra ọjà lọ́wọ́ onítọ̀hún ju ẹni tó ń fún mi ní omi lọ.

Ẹ má sì rò pé ojúure ni wọ́n ń ṣe yín bí wọ́n bá sọ òtítọ́ ọjà. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò gbà kí olùtajà fi irọ́ sọ irú tí ọjà jẹ́. Bó bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn. Abújà níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà.

Ìwé aṣọ́bodè tí mo ń tẹnu mọ́ yẹn, ìdí wà. Láti January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ojú omi nìkan ni. Bí mọ́tò bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán.

Lábẹ́ igi dógóńyárò

Sítáǹdì Alhaji kò ju mọ́tò mẹ́sàn-án lọ. Kò sí ọ́fíìsì. Ẹní àti rédíò ló wà lábẹ́ igi. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó ní òun ti bá bàbá òun ṣòwò obì ní Ṣàgámù rí. Kò pè mí ní Mummy. Ó kí mi, ó bi mí léèrè ará ilé, ó tún bi mí léèrè oorun tó mú. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣòwò níbí kó fara balẹ̀ fún ìkíni yìí o; àwa tá a wá láti ìsàlẹ̀ máa ń kánjú bọ́ sórí "èló ni?", lójú tiwọn àìmọ̀wàáhù ni.

Mi ò tíì bèèrè nǹkan kan tó fi nàka sí ẹ̀yìn Corolla kan. "Bọ́ńpà yìí, a ti kùn ún. Wọ́n gbá a nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ láti Èkó." Lẹ́yìn náà ló ní, "Mú mẹ́káníìkì wá. Ẹ wá láàárọ̀, mi ò ní tan án kí ẹ tó dé."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ẹni tó mọ mọ́tò ló ń sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àbùkù púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Mẹ́káníìkì mi jẹ́ àgbàlagbà ará Ìwó, ní mechanic village Apo ló wà. Mo san owó iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, torí mẹ́káníìkì kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń ta mọ́tò ni yóò ti gba tirẹ̀ bí ọjà bá tà. Irú wọn ò lè rí àbùkù láéláé. Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ ṣe nígbà tí a dé ni pé ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù. Ó mi orí.

Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó wo abẹ́ rẹ̀: bí ó bá rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti ń wọ ọ́ìlì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan án, ó lọ dúró sẹ́yìn. Èéfín tó bá ń yọ bí aró, ọ́ìlì ló ń jó; funfun tó ki tí kò tán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì; dúdú, epo ló ń mu jù. Ó wo iná airbag lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kó lè fi nǹkan pamọ́.

Lẹ́yìn náà ló jókòó sí àga awakọ̀, ó di bẹ́líìtì mú, ó ń fà á, ó ń fà á, títí kò fi sí èyí tó kù.

"Ìyá Ìbejì, ẹ wo ibí."

"Kí ni kí n wò, Bàbá?"

"Ẹ ṣáà wò ó. Ṣé ẹ rí ìlà?"

Mi ò rí nǹkan kan. Ó ní ohun tí òun fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mọ́tò tí omi ti bò rí, wọ́n á fọ àga rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbàgbé ìdí bẹ́líìtì. Ibẹ̀ ni ìlà ẹrẹ̀ máa ń kù sí, àti inú kòtò táyà àpọ̀jù ní búùtù. Ó wo ìyẹn náà. Ó wo ojú nọ́ọ̀tì tó di fẹ́ńdà mú bóyá sípánà ti ha ọ̀dà orí wọn. Sípánà ti ha ti apá ẹ̀yìn, bí Alhaji ti wí. Kò ha ti iwájú.

Ó wá ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe sìkáànù bọ ihò rẹ̀ lábẹ́ sítíárì. Mọ́tò Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yìí. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń nu àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò kí oníbàárà tó dé, kí iná máa bàa tàn. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò á rí i pé mọ́tò ò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Ẹ sì rántí pé máìlì ni ojú kílọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà ń kà: 100,000 máìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 161,000 kìlómítà.

A gbé e gun òkè Mpape pẹ̀lú AC ní títàn. Ọ̀nà yẹn ga, mọ́tò tí jíà rẹ̀ ń fà sẹ́yìn kò lè fi pamọ́ níbẹ̀. Ó gùn ún.

Owó Alhaji fi ₦150,000 ju ti sítáǹdì àkọ́kọ́ lọ. Mo san án.

Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín: ojú ń tì wá

Àlòkù Nàìjíríà ní àǹfààní kan tí tòkunbọ̀ kò ní: ẹni tó mọ àìsàn mọ́tò náà wà láàyè, ó sì wà níwájú yín. Ẹ lè bá mẹ́káníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti gun gálọ́ọ̀pù wa, ó ti jókòó nínú súnkẹẹrẹ Nyanya nínú oòrùn March. Bí yóò bá hó, ì bá ti hó.

Àmọ́ ní tiwa, ọ̀wọ̀ ló máa ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Àbúrò mi ra Camry, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, lọ́wọ́ bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó fẹ̀yìn tì, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Àbúrò mi fẹnu ba á pé òun á mú mẹ́káníìkì wá. Bàbá ní, "Èmi rèé, ṣé mo lè tà ọ́?" Kí lèèyàn fẹ́ fèsì? Ó dọ̀bálẹ̀, ó sanwó. Kò pé oṣù kan tó ń da lítà ọ́ìlì kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Camry 2007 sí 2009 lórúkọ fún mímu ọ́ìlì. Ará Amẹ́ríkà náà pariwo rẹ̀ títí Toyota fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún wọn. Bàbá kò parọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ni.

Bí èmi ṣe ń ṣe é báyìí, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu mẹ́káníìkì. "Ẹ má bínú sà, mẹ́káníìkì mi ló ní kí n bèèrè o: ṣé ó ń mu ọ́ìlì? Ṣé omi ti wọ̀ ọ́ rí?" Àgbà á dáhùn, iyì rẹ̀ ò sì dínkù. Ìbéèrè omi yẹn kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn tó ń gbé Trademore Estate ní Lugbe rántí June 2023, nígbà tí omi bo mọ́tò mọ́ ọgbà.

Ẹ gba ìwé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ pátá, kí ẹ sì lọ yí orúkọ padà lọ́dọ̀ DRTS, àwọn tí a ń pè ní VIO, ní Mabushi. Inṣọ́ránsì "third party" náà, láti 2023, ₦15,000 ni fún mọ́tò ara ẹni. Bí ẹnìkan bá ní òun á bá yín ṣe é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, bébà lásán lẹ ń rà.

Alágbàtà

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má san owó àyẹ̀wò kí ẹ tó rí mọ́tò. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti ìwé mu. Bí wọ́n bá ní "ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san án ní aago méjì," ẹ jẹ́ kó san án. Mọ́tò ìjọba tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń lù ní gbàǹjo náà wà. Ẹni tó ní mẹ́káníìkì tirẹ̀ àti sùúrù ni kó lọ síbẹ̀.

Corolla, Muscle, àbí End of Discussion?

Látìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 29 May 2023, ìbéèrè yìí ti fúyẹ́. Corolla 1.8 ló ń mu epo kéré jù nínú àwọn mẹ́ta. Muscle fẹ̀ nínú, ó gba ẹbí, àmọ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Honda Accord 2003 sí 2007 tí wọ́n ń pè ní End of Discussion dùn ún wà ju méjèèjì lọ, mi ò lè purọ́. Ẹ ṣáà wá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin. V6 ti 2003 àti 2004, Honda fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n padà ní Amẹ́ríkà ní 2004 nítorí jíà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ra Corolla náà, AC dákẹ́ láàárín ọ̀nà Kubwa, pẹ̀lú ìbejì lẹ́yìn. Kò sí àdéhùn kankan nínú rìsíìtì tó de Alhaji. "Bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo pè é láì ní ìrètí púpọ̀. Ó ní, "Gbé e wá." Ó pe ríwáyà rẹ̀, wọ́n tú u. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló kú. Èmi ra kọ̀mpírẹ́sọ̀, òun san owó iṣẹ́. Kò ṣàlàyé, kò bẹ̀bẹ̀, kò sì jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi méjì ló ti ra mọ́tò níbẹ̀ lẹ́yìn mi. Ní sítáǹdì olómi tútù, mi ò tíì mú ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun kan tí mo gbàgbé, tí ẹ̀yin ò gbọdọ̀ gbàgbé: kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ bèèrè rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí owó ńlá ni wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tó ní chip nínú. Èmi ò bèèrè. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé mọ́tò délé, ẹnìkan kan géètì. Ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò ni, ó wọ ọkọ̀ méjì wá láti ibẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, kọ́kọ́rọ́ wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Bó ṣe rí ojú mi ló tún bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Madam, albarka."